Ìlà Amuro Kò Já Mọ́

Ṣèyífúnmi fi ìka tẹ eku kọ̀ǹpútà, ìlà Amuro sì pàwọ̀ dà lójú ògiri. Bó ti ń tutù yọ̀yọ̀ bọ̀ bí ewé àgbàdo, ó ṣàdédé pọ́n, ó já, ó fi àlàfo dúdú kan sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn tó wà nínú yàrá mí kanlẹ̀. Ọ̀gá Andrew, olùdarí ilé-iṣẹ́, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbè é.

Gbémiga náà pàtẹ́wọ́. Ó pa á kíkankíkan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń wo ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó ń payín keke.

"Ibi tí ìlà bá ti já, nẹ́tíwọ̀kì ti kú níbẹ̀ nìyẹn," ni ọmọbìnrin náà ń wí. "Mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ fa ìlà bo àlàfo yẹn, torí òun gan-an ló yẹ ká rí. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni mo ní kó máa kà. Tí ibì kan bá ti kú ju bó ṣe yẹ lọ, àpótí rẹ̀ lójú ògiri á pọ́n. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá á mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀."

Ọ̀nà-Ọ̀rọ̀ ni orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn, ní Kabba. Àwọn ló gbaṣẹ́ láti so àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ilẹ̀ Okun pọ̀ mọ́ dókítà tó wà nílùú, láti Odò-Ẹrẹ̀ dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, títí kan àwọn abà tó wà lẹ́yìn Amuro, níbi tí fóònù kì í ti í lọ àfi téèyàn bá gun òkè. Nọ́ọ̀sì á jókòó síwájú ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, dókítà á máa wò ó láti Kabba, wọ́n á sì jọ sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn. Kí Ṣèyífúnmi tó dé, ohun tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì ń gbé jáde kò ju òkìtì nọ́ńbà lọ, Gbémiga nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà Odò-Ẹrẹ̀ ṣí, Gbémiga ni yóò pè. Bí àlejò bá dé, Gbémiga ni yóò dúró síwájú wọn tí yóò máa túmọ̀, bí ògbufọ̀ nílé ẹjọ́. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ó gun òpó nínú ọyẹ́, ó gùn ún nínú òjò.

Ọmọ àgbẹ̀ kọfí kan láti Ìyàrà, tí kò tíì pẹ́ tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé láti Ìlọrin, wá sọ gbogbo nọ́ńbà yẹn di àwòrán. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ti lè gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀ kó ní, "Odò-Ẹrẹ̀ mà ti pọ́n." Ta ló tún fẹ́ pe Gbémiga?

Bí ọmọbìnrin náà bá jẹ́ agbéraga, ìyẹn ì bá sàn. Àràárọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ kí i, "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi," tí á sì bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Gbémiga fa àga sún mọ́ ọn, tó ní òun mọ iṣẹ́ náà o, pé òun kàn fẹ́ rí ọ̀nà tí ọmọbìnrin náà ń gbà ṣe é ni, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó fi bí wọ́n ṣe ń mú ìlà nípọn tàbí tẹ́ẹ́rẹ́ hàn án, ó fi bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ ìgbà tí àwọ̀ yóò yí padà hàn án. Ó fi hàn án bí ẹ̀rọ ṣe lè ka ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tàbí kó po odindi ọjọ́ kan pọ̀, kó pín in dọ́gba. Ó tún fi hàn án bí àlàfo ṣe lè hàn gbangba, tàbí kí ẹ̀rọ fa ìlà lé e lórí bí ẹni fi pákó bo kòtò. Gbémiga ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń ta á bí ata. Ká ní ọmọ náà ṣahun ni, òun ì bá rí ohun tí òun yóò tìtorí rẹ̀ bá a jà.

Dókítà wá fi àwòrán náà ṣe òfin. Wọ́n gbé irú rẹ̀ kọ́ sí ibi tí awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn máa ń jókòó sí, wọ́n ní bí àpótí abúlé kan bá pọ́n, kó má dúró de ìpè, kó gbéra lọ wò wọ́n, torí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dí kò lè késí èèyàn. Kò pẹ́ sígbà náà tí awakọ̀ fi bá ọmọ kan tí gìrì ń ṣe ní Odò-Ẹrẹ̀, tó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà láàyè. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá ọmọ náà dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́.

Sarah, ìyàwó Gbémiga, ló gbé ìròyìn náà wálé. Ó ń gbé iyán síwájú ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́, pé gbogbo ìjọ ló gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì wọn, pé wọ́n ní òun ló ṣe ohun tó ń pọ́n lójú ògiri yẹn, pé ṣé ó mọ̀ ọ́n? Gbémiga ní òun mọ̀ ọ́n. Sarah ní kó bá òun kí i. Iyán náà funfun, ó kúnná, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ti àwo náà sẹ́yìn, ó ní orí ń fọ́ òun.

Ọ̀gá Andrew ní ilé àlejò kan létí ìlú, níbi tí iná kì í kú. Gbogbo Kabba ló mọ̀ pé iná kì í kú níbẹ̀, wọn ò mọ ìdí. Gbémiga mọ̀ ọ́n. Àwọn bátìrì tuntun tí wọ́n rà fún òpó Amuro, èyí tó yẹ kó máa gbé agbára oòrùn pa mọ́ di alẹ́, òun àti awakọ̀ ọ̀gá ni wọ́n jọ já wọn sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ilé àlejò náà. Àwọn ògbólógbòó ló kù ní Amuro. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tàbí tí òjò bá ṣú, wọ́n á kú. Nígbà tó jẹ́ nọ́ńbà ni, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwòrán ò mọ ẹni tó yẹ kó bò láṣìírí. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìlà Amuro ń já lójú gbogbo èèyàn.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja láti wá wò ó bóyá kí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ Ọ̀nà-Ọ̀rọ̀. Ọ̀gá Andrew pe Gbémiga sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

"Mo ní kí ọmọ yẹn tún àwòrán Amuro ṣe kó lè ṣeé wò," ló wí. "Ó ní bátìrì ló yẹ kí n tún ṣe."

Ọ̀gá náà tẹ̀ síwájú lórí tábìlì rẹ̀.

"Ìwọ lo dàgbà jù níbí. Àbí òun nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú gbogbo yín?"

Ká ní ọ̀gá fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn ni, bóyá Gbémiga ì bá ronú. Ká ní ó bẹ̀ ẹ́, ì bá ní kó fún òun láyè. Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kó ronú.

"Kò sí ohun tó mọ̀ tí mi ò mọ̀, sà," ló wí.

Iṣẹ́ náà kò gbà á lásìkò. Ó yọ ìṣẹ́jú kúrò, ó fi odindi ọjọ́ sí i, ọ̀sán tó dára sì gbé ìrọ̀lẹ́ tó kú mì. Ó pàṣẹ kí ẹ̀rọ fa ìlà bo gbogbo àlàfo. Ó rẹ ààlà tí àpótí ti ń pọ́n sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé Amuro ì bá kú tán pátápátá kí ojú rẹ̀ tó pọ́n. Kò pa nọ́ńbà kankan rẹ́. Ó sọ ìyẹn fún ara rẹ̀, ó tún un sọ. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wò ó ni òun yí padà. Nígbà tó ṣe tán, ìlà Amuro ń lọ gbọọrọ, ó tutù, ó dán bí ojú odò tí atẹ́gùn kò fẹ́. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ti dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀, Ṣèyífúnmi dúró síwájú ògiri pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká, kò tíì jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fọwọ́ kan Amuro?"

Gbémiga ní òun ni, ọ̀gá ló ní kí òun ṣe é.

"Awakọ̀ ń wo àwòrán yìí," ni ọmọbìnrin náà wí. Kò pariwo. "Tí kò bá pọ́n, kò ní lọ."

"Ìwọ nìkan kọ́ lo ń ṣiṣẹ́ níbí."

Ṣèyífúnmi wò ó bí ẹni ń wá ojú ẹnìkan tó mọ̀ láàárín èrò. Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwòrán náà padà sí bó ṣe wà. Gbémiga dìde, ó lọ sọ fún ọ̀gá. Kí oòrùn tó kanrí, wọ́n ti ní kí Ṣèyífúnmi lọ máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ní ní Odò-Ẹrẹ̀, níbi tí wáyà àti irin òpó ń gbé. Wọ́n ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó lè wọ inú ẹ̀rọ. Gbémiga fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́.

Àwọn ará Lọ́kọ́ja wá, wọ́n wò ó, inú wọ́n dùn, wọ́n lọ. Gbémiga jókòó sórí àga tí Ṣèyífúnmi fi sílẹ̀. Ó rò pé ọkàn òun yóò balẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n owú kì í kúrò níbi tí ẹni tí à ń jowú rẹ̀ bá ti kúrò. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ń béèrè ìgbà tí yóò padà. Dókítà pè lórí fóònù láti béèrè ohun kan, ó sì ní, "Ẹ fún mi ní Ṣèyífúnmi." Sarah pàápàá bi í bóyá ó ti bá òun kí i. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá lójú ògiri gan-an, orúkọ ọmọbìnrin náà wà lábẹ́ gbogbo àwọ̀ yẹn, tí òun nìkan kò rí i.

Ìgbà kaṣú dé. Ní abà kan lẹ́yìn Amuro, Philip àti ìyàwó rẹ̀, Success, ń ṣa kaṣú lóko nígbà tí ìrọbí mú obìnrin náà, ṣáájú ìgbà tí wọ́n fojú sí. Ọkọ rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Martha ló gbà wọ́n. Obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ ni, ọmọ Isanlu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Amuro débi pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ọ̀kadà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé wọn. Ọmọ náà wáyé, ọmọkùnrin ni, ó ké. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni kò dá.

Martha ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí kò gbọ́, ó yíjú sí ẹ̀rọ kó lè pe dókítà. Ojú ọ̀run ti ṣú láti ọ̀sán, ẹ̀rọ náà sì ti kú. Ó rán Philip kó lọ wá ọkọ̀. Ó fa Success lé obìnrin kan lọ́wọ́, ó mú fóònù, ó sáré gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ń gbé e sókè sọ́tùn-ún sósì. Ìpè náà kò lọ. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ní Kabba, ọkọ̀ aláìsàn wà lábẹ́ igi máńgòrò. Awakọ̀ jókòó, ó ń bó ọsàn, ó ń wo ògiri. Gbogbo rẹ̀ ló tutù.

Nígbà tí Philip fi rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó kaṣú bọ̀ láti oko, tó bẹ awakọ̀ rẹ̀, tí wọ́n já ẹrù sílẹ̀, tí wọ́n sì dé, ilẹ̀ kò tíì ṣú, ṣùgbọ́n Success ti kú.

Àwọn tó gba Martha síṣẹ́ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì jókòó ní gbọ̀ngàn kan ní Kabba. Dókítà àgbà kan, obìnrin, ni alága wọn. Òun kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí, ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ó sì tẹ́tí dáadáa. Ọ̀gá Andrew mú Gbémiga dání pé kó wá fi àwòrán nẹ́tíwọ̀kì hàn wọ́n. Philip jókòó sí ìlà iwájú, ìyá rẹ̀ gbé ọmọ tuntun náà lẹ́sẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un ní wàrà.

Gbémiga kì í ṣe òkúta. Ó ti gbọ́ pé obìnrin náà kú ní ìrọ̀lẹ́, ó sì mọ ohun tí ìrọ̀lẹ́ jẹ́ fún òpó Amuro. Bó ṣe ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sójú ògiri, ó ń rò ó pé iṣẹ́ ìka méjì ni. Kí òun yan ìṣẹ́jú, kí òun yọ pákó kúrò lórí kòtò, gbogbo wọn á rí i. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eku.

Martha kò sunkún. Ó ní òun pè, ẹ̀rọ náà ti kú. Ó ní bó ṣe máa ń kú nírọ̀lẹ́ nìyẹn, òun sì ti wí i fún wọn ní Kabba títí ẹnu fi bó òun.

Alága yíjú sí ògiri. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ìlà Amuro. Kò já lọ́jọ́ náà. Kò já ní gbogbo oṣù náà. Ṣé àwòrán ló ń parọ́ ni?"

Martha wo ìlà náà pẹ́. "Mi ò mọ̀ nípa àwòrán, mà. Mo mọ̀ pé mo gbìyànjú láti pè."

Gbémiga la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Nígbà náà ni alága bọ́ awò ojú rẹ̀, tó ń nù ún, tó sì sọ fún Ọ̀gá Andrew, bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rere tu ara lójú ìbànújẹ́, pé òun ti rí irú nǹkan báyìí níbi púpọ̀, òun kò rí èyí tó mọ́ kedere tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi í pé ta ló ṣe é.

"Ọmọbìnrin wa kan ni," ni Ọ̀gá Andrew wí. "Ṣèyífúnmi ló ń jẹ́. Ọlọ́run fún un lọ́pọlọ."

Bóyá ṣe ni ọ̀gá náà ń wá ẹni tí yóò di ẹrù náà lé lórí bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Bóyá orúkọ tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu nìyẹn. Gbémiga kò rò ó débẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan ló gbọ́. Ní gbọ̀ngàn yìí náà, níbi tí ọmọbìnrin náà kò sí, lórí iṣẹ́ tí òun fi ọwọ́ ara òun yí padà. Bí òun bá tẹ eku yìí báyìí, àwòrán Ṣèyífúnmi ni yóò yọ lójú ògiri, pípé, bó ṣe ṣe é, àlàfo rẹ̀ á wà níbi tó ní kó wà, ẹnìkan á sì sọ ọ́ síta pé ọmọ yẹn mà mọ̀ ọ́n o, pé òun ló ti rí i tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni alága pè é, "ṣé ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ ká rí?"

Gbémiga gbé ọwọ́ kúrò lórí eku.

"Kò sí, mà."

Philip ti ń wo ìlà náà. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí Ṣèyífúnmi ti ṣèlérí, kò dìgbà téèyàn bá mọ̀wé kó tó yé e. Ó dìde, ó rìn dé iwájú Martha, ó dúró. Gbogbo èèyàn rò pé yóò lù ú. Kò lù ú.

"Ọ̀nà ṣí," ló wí. "Ọ̀nà ṣí, o sì jẹ́ kó kú."

Obìnrin náà tẹ orí ba títí wọ́n fi túká.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ tó fi ń ṣe nọ́ọ̀sì. Kó tó padà dé Amuro, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta, ìkòkò, àpótí, ẹní, gbogbo rẹ̀ wà nínú eruku. Àwọn ọlọ́kadà tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé kò dá a lóhùn nígbà tó nawọ́ sí wọn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé títì. Wọn ò rí nọ́ọ̀sì mìíràn tó gbà láti lọ síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ikú èèyàn kọ́ni lọ́rùn. Wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa. Ewúrẹ́ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àwọn aboyún abà yẹn sì ń jókòó sáàárín ọlọ́kadà àti ìyá wọn lọ sí Mopa nígbà tí ìrọbí bá mú wọn.

Wọ́n sọ Gbémiga di igbákejì olùdarí.

Ọjọ́ ọjà kan ni Ṣèyífúnmi wọkọ̀ láti Odò-Ẹrẹ̀ wá. Ó dúró de Gbémiga lábẹ́ ìbòji ògiri ọ́fíìsì. Kò kúnlẹ̀, kò sì kí i ní okun. Ó ti rù. Ó ní òun ti lọ bá àwọn ìgbìmọ̀, wọ́n ní ẹni tí wọ́n lé kúrò nídìí iṣẹ́ ló ń bínú, pé àwòrán tí òun fúnra òun ṣe ni òun tún ń pè ní irọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ò pa nọ́ńbà wọ̀nyẹn rẹ́," ló wí.

Gbémiga ní kí ni ó fẹ́.

"Ẹ̀rọ yẹn kì í tọ́jú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí lọ. Tí wọ́n bá ti pẹ́ díẹ̀, ó máa ń pò wọ́n pọ̀ di ọjọ́, kí àyè lè wà fún tuntun, á sì da ìṣẹ́jú nù. Tó bá ti ṣe ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè rí wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn jáde kó tó dìgbà náà. Ẹ má dárúkọ mi rárá. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣàwárí rẹ̀. Màmá Martha ló ṣe pàtàkì."

Bí ọmọbìnrin náà bá bú u, bóyá ì bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó kún fún eruku Odò-Ẹrẹ̀, ó ń fi ògo ta á lọ́rẹ, bí ẹni tó ní púpọ̀ nílé. Gbémiga ní òun ti gbọ́. Ó ní òun yóò wò ó. Ó wọlé, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ó ń wò ó lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wò ó. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ tuntun, á ṣí ọ̀nà tí Ṣèyífúnmi ń gbà wo àwòrán náà, èyí tí òun nìkan lè ṣí nísinsìnyí, á sì padà sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí obìnrin náà kú. Ó wà níbẹ̀. Ìlà náà bọ̀, ó pọ́n, ó já. Àlàfo náà dúdú, ó fẹ̀, ó gba gbogbo ìgbà tí Martha fi ń sáré lórí òkè. Nígbà mìíràn á gbé ọwọ́ lé fóònù. Á rò ó wò bí Sarah yóò ṣe gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọn yóò ṣe sọ ọ́, ẹni tí wọn yóò gbàdúrà fún. Á gbé fóònù sílẹ̀. Á ní ó di ọ̀la.

Ní òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn tí òjò ti ń rọ̀ gidi, ó tún ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Ó rò pé òun ṣìnà. Ó yan ìṣẹ́jú, ó ní kí ẹ̀rọ má fa ìlà bo àlàfo kankan, ó dá gbogbo rẹ̀ padà bí Ṣèyífúnmi ṣe kọ́ ọ. Kò sí ohun tó yí padà. Ìlà Amuro ń lọ gbọọrọ, ó tutù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń wá ọjọ́ tí Success kú. Kò yàtọ̀ sí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, kò sì yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e.